Fíìmù Tí Èmi Nìkan Wò

Abereke,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kìíní, 2025.

Bọ̀dá mi Kọ́lájọ,

Ní gbogbo etí òkun yìí, láti Abereke títí dé Òde Mahin, kò sí abẹ̀mí kan tó wo fíìmù tó èmi Promise àbúrò yín. Fíìmù ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mọ́kàndínlógún ni mo ti wò. Mo kà wọ́n. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé èmi nìkan ṣoṣo ló wò ó ní gbogbo ayé, àní àwọn tó ṣe é gan-an kò tíì rí ìparí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó yẹ kí ẹ bi léèrè náà ni ẹ bi.

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrójú. Mọ́ọ̀mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ṣé ẹ ń jẹun, àti pé ṣé ẹ ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun yẹn. Ara gbogbo wa le. Happiness tó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù ní Igbókọ̀dá náà ń kí yín. Òun ló máa ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò kó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wa ti di àlejò tí kì í jókòó. Ó sì máa kà á tán kó tó yà á. Happiness, mo mọ̀ pé o ń kà á. Jọ̀ọ́, ya ojú ìwé kejì dáadáa, ìka rẹ ló kún inú ti ìjẹta.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ti yé mi. Pé ní ilé-iṣẹ́ géèmù tí ẹ wà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbá géèmù láti wá àṣìṣe inú rẹ̀, ọ̀gá yín ní kí olúkúlùkù mú fíìmù kan tó fẹ́ràn wá, kó sì sọ bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ di géèmù gidi. Ẹni tí tirẹ̀ bá wọlé, wọ́n á fún un ní iṣẹ́ tí kò lópin. Àwọn tó kù, iṣẹ́ wọn parí ní ìparí oṣù Kẹta. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ìwé ìgbélùú náà parí nìyẹn. Mo kà á fún Mọ́ọ̀mi lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ṣé géèmù tí mo máa ń torí ẹ̀ na ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn náà ni?" Mo ní òun náà ni. 

Ó dáa. Ẹ gbé bírò.

Àkọ́kọ́ ni fíìmù ọkùnrin olójú kan tó fi ọta ìbọn kan ṣoṣo pa ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn. Akínwùmí fi í hàn nínú ilé fíìmù rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Gbogbo ènìyàn ló máa ní kí ẹ fi í ṣe géèmù. Ẹ má ṣe é. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé ọta kan ló ní. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di géèmù, wọ́n á fún un ní ẹgbẹ̀rún ọta, ó bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá wá máa ṣe é dandan, ọta kan ni kí ẹ fún ẹni tó ń gbá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó máa gbé e kiri bí ẹni gbé ẹyin, kó máa wò ó, kó má lè yìn ín.

Ìkejì ni fíìmù ìyá ọkọ tó le koko bí ẹja gbígbẹ. Ìyẹn á dùn ní géèmù ju ogun lọ. Ìyàwó ni ẹni tó ń gbá a. Bọ́tìnì kan wà fún ìkúnlẹ̀. Bó bá tètè kúnlẹ̀ jù, ìyá ọkọ á ní ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá pẹ́, ó di agbéraga. Bó bá dìde kí ìyá tó dáhùn, ó pàdánù ẹ̀mí kan. Ní ìpele ìkẹyìn, ìyá ọkọ máa tọ́ ọbẹ̀ wò, kò ní sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú méjì gbáko. Kò sí bọ́tìnì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn òyìnbó á sunkún.

Ìkẹta ni ọ̀kan tí èmi nìkan wò yẹn. Ilé Inú Ọkọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ìlú kan. Ó ti jẹ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jẹ ilé-ìwé, ó wá ku ilé obìnrin kan. Obìnrin náà kò sunkún, kò sì fi wákàtí mẹ́ta gbàdúrà bíi ti inú fíìmù yòókù. Ó tú ilé rẹ̀ ní pákó kọ̀ọ̀kan, ó kó o sínú ọkọ̀, ó ń wà á lọ síbòmíràn. Ìrìn mẹ́sàn-án ló gbọ́dọ̀ rìn kí òkun tó dé. Òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, akọni, arẹwà, tó gbọ́n ju gbogbo ìlú lọ. Ní ìrìn kẹsàn-án, tí ọwọ́ wọn kò ká igi òrùlé mọ́, ni àkọ́bí obìnrin náà tó ti lọ sókè òkun bá yọ lójijì pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ́ńjìnì. Akínwùmí pàápàá kò ní fíìmù yẹn.

Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Ẹ fi pádì géèmù kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí kò ní wáyà.

Àbúrò yín tòótọ́,
Promise.


Dundee,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní, 2025.

Promise,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Bá mi kí Mọ́ọ̀mi. Sọ fún wọn pé mo ti ra ìbọ̀sẹ̀, méjì ni mo sì ń wọ̀ léra wọn. Òtútù ibí kò ṣe é ṣàlàyé. Ó dà bíi pé ènìyàn ń gbé nínú páálí ẹja dídì.

Fíìmù ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́. Mo jókòó ṣírò rẹ̀: á jẹ́ pé o ti ń wo fíìmù méjì lóòjọ́ láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀, láìsinmi ọjọ́ kan, níbi tí iná kì í sí.

Yàrá ìjẹun ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà rẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi kó oúnjẹ rẹ̀ kúrò. Ti ìyá ọkọ yẹn dùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ fún ọ̀gá mi obìnrin, Fiona, ó ní ṣé eré ìdárayá ni. Mo fi í sílẹ̀.

Obìnrin tó kó ilé sínú ọkọ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń mú fíìmù ogun wá, ìbọn ni ṣáá. Ìwọ náà lo sọ ọ́ pé ohun tó dùn nínú fíìmù ni kí á wá. Kí ló dùn nínú èyí? Kí ni ẹni tó ń gbá a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ pákó tó kàn? Ta ló ṣe fíìmù náà? Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ni a máa kó èrò wa fún Fiona. Má ṣe àbùmọ́ nínú èyí, Promise. Mo bẹ̀ ọ́ ni. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ilé ni mò ń bọ̀, lọ́wọ́ òfo.

Kí ló dé tí ẹ kò fi fọ́tò ilé ránṣẹ́ láti oṣù Kẹwàá? Iwájú ilé wa lásán ni mo fẹ́ rí, kí n rí òkun. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ ní ìlú òyìnbó, ẹ fún un ní pupurú ẹ̀gẹ́ fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kọ́lájọ.


Abereke,
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá mi àtàtà,

Ẹ kú ìfaradà òtútù. Mọ́ọ̀mi ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ti fọ́tò ilé, fóònù mi ṣubú sínú omi, ẹja kan sì gbé e mì. Bí wọ́n bá pè mí báyìí, inú odò ló ti ń dún. Ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ géèmù. Gbogbo géèmù tí mo gbá nílé Akínwùmí, bí ènìyàn bá já sómi, ó kú nìyẹn. Ọkùnrin gìrìwò, àyà bí ilẹ̀kùn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà kan omi, ẹ̀mí ti lọ. Mo bi Akínwùmí pé, "Ṣé ìyá ẹni yìí kò kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀ ni?" Ó ní kí n gbé pádì òun sílẹ̀. Nínú tiwa, omi kò gbọ́dọ̀ pa ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó ń gbá a bá já sómi, kó wẹ̀, kó gun ọkọ̀ padà, kó máa bínú. Pákó ni yóò máa pàdánù. Pákó tó bá já sómi á léfòó lọ, ẹ sì máa wá a lọ́la.

Ohun tó dùn nínú fíìmù náà nìyí: ilé kò ṣe é tú bó ṣe wu ni. Páànù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ká, ògiri pákó tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà pákó ilẹ̀, òpó ló ń kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ ń kó o lọ, òpó ni ẹ kọ́kọ́ nílò. Ohun tó kẹ́yìn níbí ló ṣáájú lọ́hùn-ún. Kí ni ẹ máa wá dúró lé nínú ilé tí ẹ ń tú? Níbo ni ẹ máa sùn? Ìyẹn gan-an ni géèmù náà. Ọkọ̀ kékeré ni. Bí ẹ bá di ẹrù lé e jù, ó rì. Bí ẹ bá di ìwọ̀nba, ìrìn á di mọ́kànlá, òkun á sì dé bá yín. Omi á máa kún, á máa fà. Bó bá fà, ọkọ̀ á gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀, ẹ máa jókòó síbẹ̀ máa wo akàn. Kò sí bọ́tìnì tó ń mú omi tètè dé.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń mọ pákó tó kàn, ọmọ akọni yẹn ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára wọn, láti ọ̀kan dé igba ó lé méjìlá. Ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìrìn kẹrin, òjò rọ̀. Gbogbo nọ́ńbà fọ̀ dànù. Nígbà tí wọ́n to ilé padà, ilẹ̀kùn iwájú bọ́ sí yàrá ìdáná, fèrèsé kan wà nísàlẹ̀ lọ́gangan orúnkún, àlejò sì ní láti gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ pálọ̀. Ìyá ọmọ náà fi ọjọ́ mẹ́ta bá a wí láìmí. Ó ní, "Èédú wà nínú ilé, ọ̀dà wà lọ́dọ̀ agbẹ́kọ̀, ìwọ wá lọ mú ohun tí tíṣà fi kọ́ ọ ní ABD." Ọ̀rọ̀ inú fíìmù nìyẹn o. Nínú géèmù, kí ẹni tó ń gbá a fúnra rẹ̀ yan ohun tó máa fi kọ nọ́ńbà. Ẹ má sọ fún un pé òjò ń bọ̀. Ilé yòówù tó bá tò jáde, inú rẹ̀ ni yóò máa gbé. Ẹ má sọ pé ó yege tàbí kò yege. Ẹ ṣáà fi ilé rẹ̀ hàn án.

Nínú fíìmù, ẹlòmíràn là ń bẹ̀rù fún. Nínú géèmù, ọwọ́ ara ẹni ni ẹ̀rù náà máa wà. Èmi ni mo ronú kan ìyẹn, kì í ṣe Happiness, bó bá fẹ́ sọ fún yín pé òun ni.

Promise yín.


Dundee,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2025.

Promise,

Jókòó kí o tó ka èyí. Mi ò dúró de oṣù Kẹta. Mo ya àwòrán ọkọ̀, mo ya ilé, mo tò ó bí o ṣe sọ ọ́, mo gbé e tọ Fiona lọ. Kò sọ nǹkan kan fún ìṣẹ́jú méjì, bíi ti ìyá ọkọ rẹ yẹn. Lẹ́yìn náà ló pe àwọn méjì mìíràn wọlé. Nígbà tí mo dé ibi tí òjò ti fọ ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ lérí. Fiona ní láti ọdún mẹ́ta tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé irú rẹ̀ wá. Tèmi ló wà lókè báyìí.

Ìṣòro kan ló kù. Fíìmù ẹni ẹlẹ́ni ni. Wọn kò lè fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Wọ́n fẹ́ wo fíìmù náà, wọ́n sì fẹ́ bá dáírẹ́kítọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta. Mo wá Ilé Inú Ọkọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí ojú fi ń ro mí. Kò sí. Bí a kò bá rí i, Fiona ní ti ọmọkùnrin kan ni òun máa mú, tó fẹ́ sọ fíìmù ajá kan di géèmù. Ajá, Promise. Ajá tó ń wa ọkọ̀ òfúrufú. Ajá ni yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Fi fíìmù náà ránṣẹ́, tàbí orúkọ ẹni tó ṣe é.

Mo sì tún ń béèrè fọ́tò ilé. Ẹja tó gbé fóònù rẹ mì kò gbé ti Mọ́ọ̀mi.

Kọ́lájọ.


Abereke,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire tó ń bọ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ibà ló mú mi. Ibà náà le débi pé wọ́n fi mí sínú omi, omi náà hó.

Ní ti fíìmù, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà láyé, iyọ̀ òkun sì ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fi wá sílẹ̀. Mo ti rí dáírẹ́kítọ̀ náà. Olówòkéré ni orúkọ wọn, ẹni tó ni Olówòkéré Fíìmù Àgbáyé. Kì í ṣe Olówòkéré agbẹ́kọ̀ tí ẹ mọ̀ o. Orúkọ wọn ló kàn jọra, ojú wọn náà sì jọra díẹ̀. Ẹni ńlá ni wọ́n, wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ipò wọn, ẹ̀yin lẹ máa ṣe ògbufọ̀. Wọ́n gbà láti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù Happiness, kí wọ́n máa rí ojú ara wọn, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, aago mẹ́rin. Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè tó gùn. Dáírẹ́kítọ̀ kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Mo bá Mọ́ọ̀mi sọ̀rọ̀ fọ́tò. Wọ́n ní, "Fọ́tò ilé kì í ṣe oúnjẹ. Kó kọjú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀." Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

Promise.


Dundee,
Ọjọ́ keje oṣù Kẹta, 2025.

Promise,

Mi ò kí ẹnikẹ́ni lónìí.

Èmi, Fiona, agbẹjọ́rò kan àti àwo bísíkíìtì la jókòó ní aago mẹ́rin àná. Ojú kọ̀ǹpútà tàn. Ta ni mo rí? Olówòkéré, ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ tí mo fi ń lọ sílé-ìwé. Ó fi dígí dúdú Happiness sójú, èérún igi sì wà lórí fìlà rẹ̀. Mo ní ó dáa, bóyá ó ti ń ṣe fíìmù lẹ́yìn tí mo lọ. Kí ni mo mọ̀?

Fiona ní ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ṣe é. Olówòkéré ní, "Ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn mẹ́sàn-án." Mo túmọ̀ rẹ̀. Fiona kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ mélòó. Olówòkéré ní, "Àwa mẹ́ta. Títí ẹ̀yìn fi dá mi dúró." Fiona ní kí ló ṣòro jù. Ó ní, "Ìṣó. Ọmọ aláròyé yẹn da agolo ìṣó kan odindi sómi." Fiona rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé wọ́n máa ṣe apá kejì. Olówòkéré ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún ṣe é mọ́. Ibi tí wọ́n wà báyìí dáa, òkun jìnnà sí i." Agbẹjọ́rò ní dáírẹ́kítọ̀ yìí jinlẹ̀.

Fiona wá béèrè orúkọ obìnrin tó ṣe ìyá yẹn. Ó ní, "Moríkẹ́ ni."

Moríkẹ́ ni orúkọ ìyá tó bí wa, Promise. Fiona ní kí ni wọ́n wí, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ìgbà yẹn ni Olówòkéré yọ dígí kúrò, ó sún mọ́ fóònù títí imú rẹ̀ fi kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Kọ́lájọ, kú oríire ilé tuntun o."

Mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Ilé tuntun wo? Mo ti pe fóònù Mọ́ọ̀mi lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ṣé ilé wa dúró? Ṣé ara wọn yá? Ó ku ọjọ́ méje tí ajá yẹn fi máa gba iṣẹ́ mi, kì í sì í ṣe òun ló ń dùn mí jù báyìí. Sọ òtítọ́ fún mi.

Kọ́lájọ.


Mahintedo,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta, 2025.

Kọ́lájọ ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀, Promise ló ń kọ ọ́. Ìlàjẹ ni mo ń sọ, òun ló ń yí i sí Yorùbá ìwé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bó bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un, Happiness máa sọ fún mi.

A ti kúrò ní Abereke. Láti oṣù Kọkànlá ni. Òkun dé ẹnu ọ̀nà, mo wò ó, mo rí i pé kò ní padà. Mo tú ilé mi, mo kó o wá sí Mahintedo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi Tabitha. Kò sí ẹni tó fara pa. Èmi ni mo ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ sí ọ. Lọ́dún tí atẹ́gùn ká páànù mẹ́ta péré, ṣebí o ti gbé báàgì dé pápákọ̀ òfúrufú kí wọ́n tó dá ọ dúró. Mo ní bí o bá gbọ́ èyí, o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ fún Promise pé, "O ò gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé." Ó ní òun ti gbọ́. Àṣé fíìmù ló lọ kọ. (Ẹ ṣàkíyèsí pé mo pa òfin Mọ́ọ̀mi mọ́. Promise.)

Mo rí ìpè rẹ nígbà tí mo dé Igbókọ̀dá. Mi ò mọ ohun tí mo máa wí ni. Jẹun. Má bínú sí mi. Má fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá rẹ.


Dundee,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 2025.

Mọ́ọ̀mi, Promise,

Ẹ kú ìṣípòpadà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ń kanlẹ̀kùn. Mọ́ọ̀mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n dọ̀bálẹ̀. Ẹ tú odindi ilé, ẹ tún un tò, èmi ń jẹ bísíkíìtì.

Mo sọ òtítọ́ fún Fiona lánàá. Mo ní kò sí fíìmù kankan. Mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa di ẹrù mi. Ó wá ní, "Á jẹ́ pé ìyá rẹ nìkan ni a máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Agbẹjọ́rò ní ìyẹn rọrùn ju ti ajá lọ. Ṣùgbọ́n Fiona ní wọ́n máa kọ ọ́ síwájú géèmù náà pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nítorí náà òun gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ àti èyí tí wọ́n fi kún un. Bí wọ́n bá rí irọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, èmi àti géèmù la jọ ń lọ. Ọjọ́ kọkànlélógún ni wọ́n máa fẹnu kò.

Ìrìn kẹsàn-án ló wù ú jù. Ibi tí àkọ́bí ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ́ńjìnì. Ó ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ara ògiri. Mi ò lè wò ó.

Promise, o mọ irú ẹni tí o jẹ́. Kọ gbogbo rẹ̀. Kí Mọ́ọ̀mi fọwọ́ sí i.

Kọ́lájọ.


Mahintedo,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Mọ́ọ̀mi jókòó tì mí, omorógùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní àwọn kò ro nǹkan kan lórí iná. Wọ́n ní, "Máa kọ." Mò ń kọ.

Òkun, òótọ́ ni. Ìrìn mẹ́sàn-án, òótọ́. Ẹrẹ̀ àti akàn, òótọ́. Ìṣó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n agolo náà ń yọ̀. Ṣọ́ọ̀kì, òótọ́, ó sì ṣì ń dùn wọ́n. Ilẹ̀kùn iwájú wà ní yàrá ìdáná títí di òní. Mọ́ọ̀mi ní àwọn máa fọwọ́ síwèé àṣẹ bí òyìnbó bá bá àwọn fi ilẹ̀kùn síbi tó yẹ nínú géèmù. Mo ní, "Mọ́ọ̀mi, wọ́n ní òótọ́ ni àwọn fẹ́." Wọ́n ní, "Òótọ́ tí mo ń bá gbé nínú ilé yìí ti tó mi."

Pákó kò tó igba ó lé méjìlá. Igba ó dín mẹ́ta ni. Ní ti ọmọ akọni, arẹwà, Mọ́ọ̀mi ní kí n fagi lé arẹwà. Mo ti fagi lé e. A ṣì ń jiyàn lórí akọni. Ibà kò mú mi. Kò sí ẹja tó gbé fóònù mì, Akínwùmí ló gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí pádì tí mo bàjẹ́. Fíìmù ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé mọ́kàndínlógún, mọ́kànlélógójì ni, mi ò sì rí ìparí mẹ́tàdínlógún nínú wọn torí epo jẹnẹrétọ̀ tán. Èyí tí èmi nìkan wò, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ibí yìí ni mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Mọ́ọ̀mi ní, "O fo ibì kan."

Mo ní Fiona ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Mo ní ibẹ̀ gan-an ló máa fún Bọ̀dá níṣẹ́. Wọ́n ní, "Kọ ọ́."

Ní ìrìn kẹsàn-án, Olówòkéré ti dùbúlẹ̀ nílé, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ó ku èmi àti Mọ́ọ̀mi àti igi òrùlé. Kò wọnú ọkọ̀, ó gùn jù, ìdí tí a fi fi í kẹ́yìn nìyẹn. A fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, Mọ́ọ̀mi ń wa ọkọ̀, èmi wà nínú omi mò ń tì í láti ẹ̀yìn. Ní agbede méjì, omi fà, a gúnlẹ̀. A jókòó sórí ẹrẹ̀ láti ọ̀sán títí oòrùn fi rọlẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnì lọ́nà jíjìn. Mo ní, "Bọ̀dá nìyẹn." Mọ́ọ̀mi ní, "Jẹ pupurú rẹ." Ọkọ̀ mẹ́ta kọjá lọ́hùn-ún, wọn kò yà sọ́dọ̀ wa. Nígbà tí omi kún, Mọ́ọ̀mi mú àjẹ̀, mo padà sínú omi.

Ibi tó wúwo jù ni mo fi yín sí nígbà tí mo ń kọ fíìmù.

Ẹ ní kí Fiona yọ àwòrán yẹn lára ògiri. Kó jẹ́ kí ìró ẹ́ńjìnì máa dún lọ́nà jíjìn. Ẹni tó bá ń gbá a lè dúró dè é bó bá wù ú, kó dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé. Bí omi bá kún, kó dìde, kó tì í fúnra rẹ̀. Bó bá ní kò dùn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò dùn lóòótọ́.

Ohun tí mo fi kún un nìyẹn. Àkọ́bí kò dé. Igi òrùlé dé.

Promise.
Moríkẹ́, mo fọwọ́ sí i.